Ọjọ́ Tí Wọ́n Pa Orin Ìyá Rẹ́

Àǹtí Káàdì tẹ bọ́tìnnì, orin kan lọ, òmíràn sì sún sókè wá gba àyè rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgúnpá bí ẹni tí aṣọ fífọ̀ pọ̀ níwájú rẹ̀. Orí tábìlì kún fún àwọn káàdì kéékèèké tí kò ju èékánná lọ, irú èyí tí àwọn oníbàárà máa ń kì bọ inú fóònù, tí wọ́n sì máa ń kó wá sí ìsọ̀ rẹ̀ pé kó bá àwọn kó orin sí i. Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ lórúkọ ládùúgbò. Ó ti gba gbogbo wọn padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi kọ̀ǹpútà wò wọ́n látòkè délẹ̀. Bó bá rí orin ìyá rẹ̀ níbẹ̀, á pa á rẹ́, á sì ju káàdì náà sínú abọ́ tó wà lọ́wọ́ òsì. Kò kánjú, kò sì fi nǹkan falẹ̀. Iṣẹ́ tó bá máa dun ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ ká ṣe é, ká sì ṣe é dáadáa.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, kò lè pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ mọ́, kò lè pe omi ní omi. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, orí rẹ̀ á mì. Bí wọ́n bá bi í ní òdìkejì rẹ̀, á tún mì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Obìnrin náà kọrin nígbà èwe rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan nínú àwọn orin náà sí i, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ á là, á bá ara rẹ̀ kọ ọ́, ọ̀rọ̀ á sì máa jáde geere bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Èyí tí kì í bá ṣe ohun tó fẹ́ sọ, á kàn máa gbọ́ ọ lásán ni. Nítorí náà, bó bá ti fi ọwọ́ òsì lu apá àga, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí orin fún un, títí yóò fi bá ọ̀kan kọ. Orin omi wà. Orin oúnjẹ wà. Orin “Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ tẹ́ ẹní mi” wà fún oorun, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan. Bó ṣe ń bá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Lónìí, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ni àwo ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bó bá rí ẹ̀dà kan péré nínú ilé, ẹjọ́ tí wọ́n pè yóò dé kóòtù, ìtanràn tí wọ́n sì ń béèrè jẹ́ èyí tí wọ́n lè ta ilé fún, kí wọ́n ta irinṣẹ́ Káfíńtà lé e, kí ìsọ̀ Àǹtí Káàdì tún bá a lọ, kó má sì tó. Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹjọ́ parí.

Káfíńtà ni ọkọ ìyá, òun ni bàbá àwọn ọmọ. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ìfági rẹ̀ fá igi. Láti àárọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìfági nìkan ló ń bá a fèsì.

“O ti bá iṣẹ́ dé ibo?”

Akọ̀wé ló béèrè. Òun ni àkọ́bí ilé náà, ọ́fíìsì ìjọba ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti gba àyè lónìí, síbẹ̀ ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì mọ́ ọn, bí ẹni pé òfin yóò dárí jini bó bá rí táì.

“Àwọn tí Ìyá kì í bá kọ ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́, Ẹ̀gbọ́n.”

“Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun àárọ̀ ná.”

Akọ̀wé wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀wù bò ó.

Kò pẹ́ tí Ìyá lu apá àga. Àǹtí Káàdì yí orin omi fún un. Ó ń gbọ́ ọ, kò la ẹnu. Ó yí èyí tó kàn.

“Ẹ bu tèmi sílẹ̀ dè mí o,” ni ohùn ọmọge inú ẹ̀rọ wí.

“Ọ̀nà tí mo rìn jìn,” ni Ìyá wí láti orí àga. Ẹ̀gbẹ́ ètè kan ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fọ́ sí i lẹ́nu. Ohùn èwe ń lọ níwájú, ohùn àgbà ń tẹ̀ lé e, bí ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ fà lọ́wọ́ kọjá títì. Wọ́n bá ara wọn dé òpin orin náà.

Ìrẹsì àti ẹyin ló wà nílẹ̀. Àǹtí Káàdì fi ṣíbí bọ́ ọ, ó nu àgbọ̀n rẹ̀, ó gbé abọ́ padà sí ìdáná, ó ṣan ọwọ́, ó padà sídìí tábìlì. Ó gbé ìka sórí orin oúnjẹ.

“Ṣé wọn ò ní jẹun ọ̀sán ni?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Káfíńtà sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èérún igi wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

“Àlejò ló máa dé lọ́sàn-án, Bàbá,” ni ọmọbìnrin náà wí. Ó pa orin náà rẹ́.

Káfíńtà wọlé wá. Ó gbé ìfági dání.

“Akọ̀wé, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ta ló kọrin yẹn?”

“Bàbá, a ti sọ èyí lánàá.”

“Tún un sọ lónìí.”

“Ìyá ni.”

“Ọ̀nà ọ̀fun ta ló gbà jáde?”

“Ti Ìyá ni, Bàbá.”

“Ta wá ni wọ́n ń pè ní olè?”

“Wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ lórí orin náà wà lọ́wọ́ àwọn. Ìyá tẹ̀ka fún wọn, wọ́n sì sanwó fún Ìyá.”

“Owó náà rèé.” Káfíńtà gbé ìfági sókè. “Mo rà á níjọ́ kejì tí wọ́n sanwó. Ó ti jẹ títí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Àwo tí wọ́n sì tà láti ìgbà yẹn, o lè fi ṣe òrùlé ọjà.”

“Wọn ò tà á mọ́.”

“Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Wọn ò tà á, wọn ò gbé e sí afẹ́fẹ́, wọn ò jẹ́ kí ẹni tó ni ín gbọ́ ọ. Ohun téèyàn ò bá jẹ, kì í fi runmú.”

“Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, Bàbá. Bí òfin ṣe rí nìyẹn.”

Bó ti sọ ọ́ tán ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ìfági dúró lókè. Àǹtí Káàdì kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

“Ẹrú,” ni Káfíńtà wí jẹ́jẹ́. Ó wo obìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó tún wo ọmọ rẹ̀. “O kàwé o.”

Ọ̀rọ̀ náà ta Akọ̀wé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ta a máa wá ibi tí yóò ti ta padà.

“Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀yin lẹ ní kó kọ àdúgbò wa síbẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ wá?”

Òótọ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé ti hu, kò sì sí ìsọ̀ tó ń ta àwo náà mọ́. Àǹtí Káàdì bá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láàárín àwọn tí wọ́n máa ń ṣí àpótí orin wọn sílẹ̀ fún ara wọn láti ìlú dé ìlú. Ẹnìkan ní ọ̀kan, ẹlòmíràn ní méjì, títí ó fi ṣa orin ìyá rẹ̀ jọ bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá mú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mú. Orúkọ àwàdà ni gbogbo wọn ń jẹ́ níbẹ̀: Ológbò Dúdú, Ọ̀gá Àlùbọ́sà. Nígbà tó kan ilé yìí, Káfíńtà ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó ní olè ló ń fi orúkọ pamọ́, ẹni tó bá ń ṣoore kó jẹ́ kí wọ́n mọ ilé òun. Ó dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ títí ó fi kọ ọ́: Ìyàwó Káfíńtà, ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn ilé epo. Àwọn èèyàn láti òkè òkun kọ̀wé dúpẹ́, Káfíńtà sì ní kí wọ́n máa ka ìdúpẹ́ náà fún òun létí ìyàwó rẹ̀. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà ka àdírẹ́sì yẹn, wọn ò sì ṣì í.

“Èmi ni mo ní kó kọ ọ́,” ni Káfíńtà wí. “Mi ò mọ̀ pé a ń sá.”

“Ẹ kú ilé o. Ṣé ìjà ni àbí eré? Nítorí bó bá jẹ́ ìjà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ibi jókòó.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, aládùúgbò wọn tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ó ti wọlé kí wọ́n tó dá a lóhùn, búrẹ́dì gbígbóná wà nínú aṣọ lábẹ́ apá rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” ni Akọ̀wé wí.

“Káàárọ̀, olóyè onítáì. Onígbàjámọ̀ ní kí n bá òun bi ọ́ ní nǹkan kan. Ó ní orin ìyá yín lòun máa ń fi súfèé kọ bí òun bá ń gé irun. Ṣé súfèé náà wà nínú ẹjọ́?”

“Kò sí níbẹ̀, mà.”

“Á dùn mọ́ ọn. Ó ti ti fèrèsé láti àárọ̀, orí àwọn oníbàárà sì ń làágùn. Ó gé etí ẹnìkan díẹ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú Ìyá, ó mú ọwọ́ òsì rẹ̀. “Ìyá Akọ̀wé, ẹ jí ire?”

Orí Ìyá mì.

“Ẹ ò jí ire?”

Orí Ìyá mì.

Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú. Ó fa inú búrẹ́dì yọ, ó rẹ ẹ́ sínú tíì, ó ń fi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń ṣe é, láìwẹ̀yìn.

“Àǹtí Káàdì, mi ò ní tàn ọ́. Àdúgbò ń sọ ọ́. Nígbà tó o jókòó sí ìsọ̀, tó ò ń kó orin ọmọ ọlọ́mọ sínú káàdì èèyàn, tó ò ń gbowó rẹ̀, àwọn olórin yẹn náà ní ìyá nílé. Àwọn náà máa ń jẹun.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀, mà. Ti ìyẹn, bí wọ́n bá mú mi, mi ò ní bá wọn jiyàn.” Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. “Àmọ́ orin wọ̀nyí, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí wọn. Ẹni tó bá sì san nǹkan kan nítorí wọn níbòmíràn, kì í ṣe ìyá mi ló sanwó fún.”

“Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ olórin…” Ìyá Oníbúrẹ́dì wo obìnrin tó wà lórí àga, tí tíì ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kú. Ó fi aṣọ nù ún.

Nígbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, Àǹtí Káàdì gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà ti lu ihò sí ìdí ẹsẹ̀ àga kan tó ń ṣe. Fóònù rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Ó fi orí ìṣó ti káàdì rẹ̀, tí gbogbo orin náà wà nínú rẹ̀ pátá, wọ inú ihò. Ó ta gọ́ọ̀mù sí i, ó fi èèkàn igi dí i, ó sì fá ojú rẹ̀ títí tí kò fi sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀.

“Iyọ̀ rẹ̀ kéré díẹ̀, Bàbá.”

“Á ṣe é jẹ.”

Ó wọlé padà, ó pa orin oorun rẹ́, ó pa orin ara-ríro rẹ́. Orin omi ló ṣẹ́kù. Ó gbé e fún Ìyá, Ìyá kò bá a kọ. Ó fún un lómi síbẹ̀, ó mu díẹ̀. Ó pa á rẹ́.

Aṣojú dé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, bàtà rẹ̀ dán lókè, ó kún fún eruku nísàlẹ̀, nítorí awakọ̀ kò mọ ẹ̀yìn ilé epo, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wá. Ó kí wọn dáadáa. Akọ̀wé nìkan ló dá a lóhùn. Ó fi ara ti ògiri, ó ń wo inú kọ̀ǹpútà, ó yẹ káàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọrọ fóònù gbogbo wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ yé e, kò rìn káàkiri ilé, kò fọwọ́ kan ohun tí kò kàn án.

“Káàdì inú èyí ńkọ́, sà?” Fóònù Káfíńtà ló dì mú.

“Ó bàjẹ́.”

Akọ̀wé yí ojú sí bàbá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan táì, bí ẹni pé ó fún un lọ́rùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni Àǹtí Káàdì wí, “ẹ ta ẹyọ kan fún wa. Iyekíye tí wọ́n bá pè é, a máa wá a. Mo ti pe ọ́fíìsì yín títí.”

“Kò sí fún títà, àbúrò mi.”

“Ta la máa rí?”

“Kò sẹ́ni tí ẹ lè rí. Àwo yẹn wà nínú yàrá ìkó-nǹkan-sí, òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀. Kò lérè tó fún wọn láti tún un tẹ̀ jáde.”

“Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi ṣe?”

Aṣojú rò ó. Ó dà bí ẹni pé wọn ò bi í rí.

“Wọn ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan.”

Ìyá lu apá àga.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti gbé omi dé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá yí orí kúrò. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í, ṣíbí ṣubú. Wọ́n tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ tò. Ó tún lu àga. Àǹtí Káàdì bi í bóyá ara ń ro ó, orí rẹ̀ mì. Ó bi í bóyá kò ro ó, orí rẹ̀ mì. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ojú méjèèjì, èyí tó yè àti èyí tó kú, ọwọ́ òsì sì ń lu àga láìdúró bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

“Kí ló ń ṣe wọ́n?” ni Aṣojú béèrè.

“Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ ni,” ni Akọ̀wé wí.

“Kí wọ́n sọ ọ́ kẹ̀. Mo lè dúró.”

Akọ̀wé ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí bí ẹni ń ka ìwé ọ́fíìsì. Aṣojú gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ò lè máa kọ ọ́ fún wọn?”

“A ti dán an wò. Ohùn ara wọn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ lé.”

Káfíńtà jáde. Wọ́n gbọ́ ìró òòlù lẹ́ẹ̀kan, igi sán. Ó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ àga tó là sí méjì, ó họ gọ́ọ̀mù kúrò lára káàdì pẹ̀lú èékánná, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ Aṣojú láìtọrọ, ó kì í bọ̀ ọ́.

“Bàbá,” ni Akọ̀wé wí.

“Dákẹ́.”

Ó yí orin omi. Ìyá ń gbọ́. Ó yí orin oúnjẹ, orin oorun, orin ara-ríro, èyí tó máa ń fi pe ọkọ rẹ̀. Ìyá ń gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára àga. Káfíńtà bọ́ sí àwọn tí wọn kì í lò, orin ìgbéyàwó, orin òjò, ó ń fi àtàǹpàkò tì wọ́n kọjá. Àárín ìkan tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́ ni ẹnu Ìyá là.

“Àlejò mi, má dúró,
Àga wà nílẹ̀, fara balẹ̀.
Ẹni tó rìn jìnnà wá wò mí
Kò ní fẹsẹ̀ dúró nílé mi.”

Ojú rẹ̀ wà lára Aṣojú. Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì tún un kọ pẹ̀lú ẹ̀rọ nígbà tí orin yípo.

Látìgbà tí ọkùnrin náà ti dé, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fi àga lọ̀ ọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì wo ilẹ̀. Akọ̀wé ló gbé àga náà wá, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Aṣojú jókòó. Ó jókòó bí ọmọ tí wọ́n ránṣẹ́ pè, ó pa orúnkún pọ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí orin fi tán.

“Ẹ ṣeun, mà,” ni ó wí.

Ìyá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀.

Aṣojú gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

“Mi ò ní sọ fún wọn pé ẹ pa á mọ́. Màá sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e síta. Ẹjọ́ á parí.” Ó ń wo bàtà rẹ̀. “Ṣùgbọ́n mi ò lè fi sílẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni.”

“Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú…” ni Káfíńtà wí.

“Mo mọ òwe náà, sà.”

“Parí rẹ̀ fún mi.”

Aṣojú tún wo bàtà rẹ̀.

Káfíńtà na fóònù sí i. Ọkùnrin náà ní òfin ò jẹ́ kí òun fọwọ́ pa á, ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Káfíńtà wo àtàǹpàkò ara rẹ̀.

“Ẹ fún mi, Bàbá,” ni Àǹtí Káàdì wí. “Iṣẹ́ mi ni.”

Ó gbà á. Ó yọ káàdì inú rẹ̀, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, kò gbọ́ ìkankan mọ́, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ojú inú káàdì náà han Aṣojú: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Aṣojú dìde, ó tẹrí ba fún Ìyá, ó kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀, ó lọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé e jáde, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra wo ẹsẹ̀ nítorí gọ́tà.

Àkókò wà tí Àǹtí Káàdì fi lè sunkún, kò sì lò ó. Ó da àwọn káàdì oníbàárà láti inú abọ́ sínú àpò, nítorí wọ́n ti ń dúró dè é ní ìsọ̀ láti àárọ̀. Ó nu tábìlì. Ó yọ kọ̀ǹpútà lára iná, ó ká okùn rẹ̀. Akọ̀wé jókòó sórí àga tí Aṣojú dìde kúrò, ó ti tú táì, ó dì í mú lọ́wọ́.

Ìyá lu apá àga.

Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin omi. Ó gbé e ga jù, ó dúró, ó tún un bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyá ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán tí obìnrin náà kò bá a kọ, ó gbà pé kì í ṣe omi ló fẹ́. Ó bọ́ sí orin oúnjẹ.

Àǹtí Káàdì gbé àpò kọ́ èjìká, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí nítorí ooru. Ó kọjá níwájú Onígbàjámọ̀, ẹni tó gbé abẹ dúró tí kò sì súfèé. Láti ojú títì, ohùn kan ṣoṣo ló ń gbọ́. Bàbá rẹ̀ ti kúrò lórí oúnjẹ, ó ti dé orí oorun, ó ń sọ fún ọ̀sán gangan pé ilẹ̀ ti ṣú. Ó yà sí ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀.